Bí òwò ṣe lè rọrùn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: ìtọ́sọ́nà fún àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn

Bí wọ́n bá ti ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ fa olókòwò mọ́ra, ìpàdé ńlá ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ mèremère ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn aláṣẹ. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ kì í ka ìwé pẹlẹbẹ yẹn. Ẹni tó ti ń ṣòwò nílùú ló máa pè lórí fóònù: “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ibẹ̀ yẹn ṣe rí? Ṣé wọn ò ní yọ mí lẹ́nu?” Èsì tí ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lọ́nà Gbọ̀ngán tàbí ìyá aláró ní Òṣogbo bá fún un ló máa gbà gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ti wà lẹ́nu òwò, tí àlejò fi di ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́rẹ́ (níbi tí sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ wà), àwọn alága káńsù, ìyálọ́jà, bàbálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Òṣogbo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìlú tó gbójú lé owó oṣù ìjọba: nígbà tí owó oṣù di ààbọ̀ fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́dún 2015, àwọn tó ń tajà fún wọn náà ló jìyà rẹ̀. Òwò aládàáni tó dúró dáadáa nìkan ló lè gba ìlú lọ́wọ́ irú ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tẹ̀lé òwò kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ẹ fi “ọrọ̀ ajé ìpínlẹ̀” sílẹ̀ ná. Ẹ mú òwò kan. Ká ní obìnrin kan fẹ́ máa rọ epo pupa sínú ìgò ní ọ̀nà Ìkìrun, tí yóò gba òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Ẹ kọ gbogbo ọ́fíìsì tó gbọ́dọ̀ dé kí ìgò àkọ́kọ́ tó dórí àtẹ: CAC fún orúkọ òwò, nọ́ńbà owó orí, àṣẹ ibi ìtajà, ilẹ̀ tàbí ilé tó máa háyà, àṣẹ ìkọ́lé, iná, NAFDAC, káńsù. Nípa ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, ohun márùn-ún lẹ máa kọ sílẹ̀: ọjọ́ tí ìwé wọlé, ọjọ́ tí èsì jáde, iye tí ìwé ìjọba ní kí èèyàn san, iye tí wọ́n san gan-an, àti iye ìgbà tí èèyàn padà lọ.

Ẹ bi àwọn tó ti rin ọ̀nà náà láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, ó kéré tán èèyàn márùn-ún. Ẹ bi lọ́yà méjì, sọ́fèyọ̀ méjì, kí ẹ tó wá bi òṣìṣẹ́ tó jókòó sí tábìlì náà. Tí òṣìṣẹ́ bá sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì, tí àwọn oníṣòwò sì sọ pé oṣù mẹ́rin, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni iṣẹ́ yín. Tí ẹ bá sì yẹ ọjọ́ wọ̀nyẹn wò dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni fáìlì kàn fi sùn sórí tábìlì, tí ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́ kankan lórí rẹ̀. Kíkó òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́ ò lè wo irú àìsàn yẹn. Ohun tó ń wò ó ni kí fáìlì má ṣe máa gba ọ̀dọ̀ èèyàn méje kọjá nígbà tí èèyàn mẹ́ta tó.

Báǹkì Àgbáyé ṣe irú ìwọ̀n yìí fún àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà lọ́dún 2008, 2010, 2014 àti 2018, lórí ohun mẹ́rin: ìdásílẹ̀ òwò, àṣẹ ìkọ́lé, ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti gbígba ẹ̀tọ́ ní kóòtù. Wọ́n pa ètò Doing Business náà tì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 nítorí àbùkù tó wà nínú àwọn nọ́ńbà rẹ̀, B-READY ló sì rọ́pò rẹ̀. Àwọn ìbéèrè yẹn ṣì wúlò. Ohun tó ba ètò náà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọba kan ni pé ipò ni wọ́n ń lé. Wọ́n tún ìwé ṣe kí nọ́ńbà lè dára, ẹni tó wà níwájú tábìlì ò sì rí ìyàtọ̀ kankan.

Ohun méjì ló máa ń ba ìgbésẹ̀ yìí jẹ́. Èkíní ni kí wọ́n gbé e fún agbaṣẹ́ṣe tó máa fi fóònù béèrè lọ́wọ́ ìjọba nìkan. Èkejì ni kí orúkọ ẹni tó sọ iye owó ẹ̀yìn tó san jáde síta. Wọ́n máa fìyà jẹ ẹ́, kò sì sí ẹni tó máa la ẹnu mọ́. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya èyí tó wà lọ́wọ́ yín sọ́tọ̀

Èyí ò gbà ju ìjókòó ọ̀sán kan lọ. CAC, NAFDAC, owó orí ilé iṣẹ́, VAT (owó orí lórí ọjà) àti ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ti Àbújá ni. Góòlù tí wọ́n ń wà ní agbègbè Iléṣà pàápàá, Àbújá ló ń fúnni láṣẹ rẹ̀. Ilẹ̀, àṣẹ ìkọ́lé, owó orí òṣìṣẹ́, àṣẹ ibi ìtajà, kóòtù májísíréètì, ojú ọ̀nà ìpínlẹ̀, ọjà àti gáréèjì, ti ìpínlẹ̀ àti káńsù ni. Ibẹ̀ ni kí agbára yín lọ. Lórí ti Àbújá, ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ ní òṣìṣẹ́ kan tó mọ fọ́ọ̀mù náà dunjú, tó máa bá oníṣòwò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ránṣẹ́, kí wọ́n má baà dá a padà nítorí ìwé kan ṣoṣo tó kù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kó gbogbo owó òde sójú kan

Ibí yìí ni ẹ̀gún tó ń gún oníṣòwò jù lọ wà, nítorí náà a ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ pe ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀, àwọn káńsù tó wà nínú ìlú (Òṣogbo àti Ọlọ́rundá) àti àwọn àjọ tó ń gbowó lójú pópó. Kí kálukú kó àpẹẹrẹ rìsíìtì rẹ̀ wá. Ẹ ya ìlà mẹ́fà sínú ìwé: orúkọ owó náà, òfin tó gbé e ró, ẹni tó ń gbà á, iye, ìgbà mélòó lọ́dún, àti iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe. Èyí tí kò bá ní òfin nídìí, ẹ fà á tu lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé “ó ti pẹ́ tí a ti ń gbà á.”

Òfin ọdún 1998 tó to owó orí àti owó òde sí ọwọ́ ìjọba kálukú ṣe kókó níbí. Ó fún káńsù ní owó ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀, owó sànbóòdù, owó ọjà, gáréèjì àti ibi ìpẹran. Ó fún ìpínlẹ̀ ní owó ibi ìtajà: kò gbọ́dọ̀ ju ₦10,000 lọ fún ìforúkọsílẹ̀ àti ₦5,000 lọ́dún nínú ìlú ńlá, ₦2,000 àti ₦1,000 ní ìgbèríko. Òfin kan náà ló sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé igi dínà nítorí pé ó fẹ́ gbowó orí. Àwọn tó máa ń na okùn sójú títì de ọkọ̀ tó kó iṣu àti tòmátì wá sí ìlú, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń dá, kódà kí wọ́n ní rìsíìtì lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa àwọn tó kù pọ̀ sí ìwé owó (ìwé tó ń sọ iye tí oníṣòwò máa san) kan ṣoṣo lọ́dún. Ẹ̀rù tó máa ń ba káńsù ni pé owó á dínkù. Ẹ bá wọn ṣe ìṣirò. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan ń gba ìwé owó oríṣi mẹ́fà tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦27,000. Nínú ṣọ́ọ̀bù 1,000, ká ní 400 ló ń san án pé: mílíọ̀nù 10.8 náírà nìyẹn. Tí àwọn tó ń gbà á bá mú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù 7.56 ló dé àpò ìjọba. Ẹ wá sọ ọ́ di ₦12,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, sísan ní báǹkì tàbí lórí fóònù. Tí 800 bá san, mílíọ̀nù 9.6 ni; tí gbígbà á bá ná wa ní ìdá 5, mílíọ̀nù 9.12 ló kù. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, ẹ fi tiyín rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ibi tí èrè ti wá: iye àwọn tó san pọ̀ sí i, àwọn tó ń jẹ lójú ọ̀nà sì dínkù.

Níbi tí ètò yìí ti máa ń túká: wọ́n á pa owó pọ̀, wọn ò ní pín in. Ìpínlẹ̀ á gbà á tán, á ní òun máa fún káńsù ní tiẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nígbà tó bá di oṣù kẹrin tí káńsù ò rí kọ́bọ̀, wọ́n á tún rán àwọn ọmọkùnrin padà sí Ọjà Ọba pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì, oníṣòwò á wá máa san ti tuntun, á tún máa san ti àtijọ́. Nítorí náà, ẹ fọwọ́ sí ìpín kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé, kí báǹkì máa pín in fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wọlé. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fojú fo wọn dá. Ẹ gba àwọn tó ṣeé gbà sí iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n ní aṣọ iṣẹ́ àti nọ́ńbà láyà, kí owó oníṣòwò má sì kan ọwọ́ wọn.

Ẹ kọ gbogbo owó tó kù sára pátákó ńlá ní Ọjà Ọba, ní Ìgbónnà àti lẹ́nu ọ̀nà káńsù, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí èèyàn lè pè. “Owó tí kò sí lára pátákó yìí, ẹ má san án.” Gbólóhùn yẹn gan-an ni kó wà níbẹ̀, kí ìyálọ́jà sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé e dúró.

Ó tún ku ohun kan. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, yọ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju ₦800,000 lọ́dún lọ kúrò nínú owó orí. Ó tún yọ ilé iṣẹ́ kéékèèké tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 100 náírà lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju mílíọ̀nù 250 lọ, kúrò nínú owó orí ilé iṣẹ́, yàtọ̀ sí àwọn tó ń ta iṣẹ́ ìmọ̀ bíi lọ́yà àti akáǹtì. Ẹ kọ́ àwọn tó ń gbowó ní èyí kí wọ́n tó jáde. Ìpínlẹ̀ náà ní èrè nínú kí òwò gbòòrò: lábẹ́ òfin tuntun yìí, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún VAT ni ti àwọn ìpínlẹ̀, ìdá 30 nínú ìyẹn ni wọ́n sì ń fi bí ọjà ṣe ń tà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ilẹ̀

Báǹkì kì í fẹ́ gba ilẹ̀ tí kò níwèé dúró fún ẹ̀yáwó. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ó sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀ tàbí tó fẹ́ fi yáwó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí gbogbo ìwé bá gbọ́dọ̀ dórí tábìlì gómìnà, ẹ ṣe é títí, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa ń há sí. Òfin kan náà, ní abala 45, gbà kí gómìnà fi agbára yẹn lé kọmíṣọ́nnà lọ́wọ́. Ìwé ojú ewé kan ni, kò sì ná ìjọba ní nǹkan kan. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí ìwé ń gbà: ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ (sọ́fè) láti ọwọ́ sọ́fèyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ tó sì ri píílà, àyẹ̀wò bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà, ìwé àdéhùn, ìwé ìbéèrè, owó sísan, ìbuwọ́lù, ìforúkọsílẹ̀. Ibi mẹ́ta ló ti máa ń dúró:

- Níbi àyẹ̀wò. Ìjọba àtijọ́ gba ilẹ̀ púpọ̀ tí wọn ò lò, tí wọn ò sì dá padà, aráàlú ò sì mọ ààlà rẹ̀. Ẹ tẹ máàpù rẹ̀ jáde kí èèyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fowó ra ilẹ̀.
- Níbi owó. Wọ́n á ní kó san èyí lónìí, ìyẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ṣe é ní ìwé owó kan, ẹ̀ẹ̀kan náà.
- Níbi tí wọ́n ti ń sọ pé “a ò rí fáìlì.” Ibí ni gbogbo èèyàn ti ń sáré ra ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé. Ẹ ní sùúrù. Tí ẹ bá ya àwòrán ìwé ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún láìsí orúkọ tó ṣeé wá, òkìtì bébà lẹ kàn sọ di òkìtì àwòrán. Àtòjọ ló ṣáájú: nọ́ńbà, ojú ìwé àti ìdìpọ̀ tí wọ́n fi forúkọ ilẹ̀ náà sílẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín, àdúgbò, nọ́ńbà sọ́fè. Kí ẹnì kan kọ ọ́, kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò, kí àwòrán tó tẹ̀ lé e.

Ti ìdílé tún wà nílẹ̀. Olórí ẹbí nìkan kọ́ ló ń ta ilẹ̀ ẹbí. Tó bá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdílé fọwọ́ sí i, wọ́n lè bá a jà títí kóòtù á fi tú u. Tí àwọn yẹn bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, títà yẹn ò múlẹ̀ rárá. Ẹ ṣí ìwé kan ní ọ́fíìsì ilẹ̀ níbi tí ìdílé tó fẹ́ máa ta ilẹ̀ á ti kọ orúkọ olórí ẹbí àti àwọn tó gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé. Ní ti àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń gba owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé lọ́wọ́ ẹni tó ti ra ilẹ̀ tán, ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin lórí rẹ̀ lọ́dún 2016. Òfin tí kò bá ní ọlọ́pàá tó máa dáhùn ìpè lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé sórí ilẹ̀, bébà ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iná

Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Síbẹ̀ wẹ́dà ń fi jẹnẹrétọ̀ jó irin nínú ìlú kan náà. Ibùdó yẹn ń pín iná ni, kò ní èyí tó kó pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń gbé iná dé ṣọ́ọ̀bù ni àwọn wáyà ńlá tó ń gbé iná wọ ìlú (33kV àti 11kV) àti tiransifọ́mà tó wà ládùúgbò.

Àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè àti Òfin Iná ọdún 2023 jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè máa ṣàkóso ọjà iná tirẹ̀. Enugu, Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà. Ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣòfin, kí wọ́n dá àjọ olùdarí sílẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé sí NERC, kí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná sì dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ náà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún gbígbé e lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ kìlọ̀ fún ara yín: àjọ tí kò ní onímọ̀ tó lè ṣírò iye tó yẹ kí iná jẹ́ máa gbé owó tó wu òṣèlú kalẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa wá kówó lé iná níbẹ̀.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ kó àwọn wẹ́dà, ọlọ́lọ àti oníbúrẹ́dì jọ sí ibi kan tí wáyà kan á dá wà fún. Ẹ kọ́kọ́ ka iye iná tí wọ́n ń lò ní wákàtí tí iṣẹ́ pọ̀ jù. Tiransifọ́mà tí wọ́n rà láìkà á ló máa ń jóná.

Àwọn tó kù, ní ṣókí

Kóòtù: ẹni tí wọ́n jẹ ní ₦400,000 ò ní lọ ṣẹjọ́ ọdún mẹ́ta. Èkó bẹ̀rẹ̀ kóòtù gbèsè kéékèèké lọ́dún 2018, gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, tí wọ́n fẹ́ kó parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Ohun tí ìlànà rẹ̀ nílò ni fọ́ọ̀mù tó rọrùn àti májísíréètì tí wọn ò ní gbé ẹjọ́ mìíràn lé lórí.

Íntánẹ́ẹ̀tì: láti ọdún 2013 ni àwọn gómìnà ti fẹnu kò pé ₦145 fún mítà kan ni kí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ri wáyà fáíbà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ gba iye yẹn, kí káńsù má sì tún gba tirẹ̀ lé e.

Ẹ̀yáwó: òfin ọdún 2017 jẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọkọ̀ àti ọjà tó wà nínú ilé ìkẹ́rù dúró fún ẹ̀yáwó, tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ò tíì gbọ́. Ẹ kó òṣìṣẹ́ báǹkì wá bá wọn ní ìpàdé wọn.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: ìgbà yìí ni kí ẹ tó pe àlejò

Ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ lára ilé iṣẹ́ irin tó wà ní Òṣogbo níbí. Wọ́n kọ́ ọ láti máa na irin tó tó ẹgbẹ̀rún 210 tọ́ọ̀nù lọ́dún, ṣùgbọ́n Aladja, ní ìpínlẹ̀ Delta, ni irin tí wọn ò tíì nà tó ń lò ti gbọ́dọ̀ wá. Nígbà tí ti Aladja dẹnukọlẹ̀, kò sí ohun tí ẹ̀rọ tó wà ní Òṣogbo máa nà. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ fún olókòwò èyíkéyìí tó bá dé ni: níbo ni ohun tí ẹ máa lò á ti máa wá, ọ̀nà mélòó ló sì gbà dé ibí? Tó bá ní ojú irin lòun máa lò, ẹ rán an létí pé ojú irin àtijọ́ tó gba Òṣogbo kọjá fẹ̀ ní mílímítà 1,067, ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun sì jẹ́ 1,435. Ẹrù gbọ́dọ̀ ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ fojú sí ohun tó ti wà nílẹ̀: kòkó láti Ifẹ̀ àti Iléṣà, àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ìdáríjì owó orí tí kò ní ọjọ́ ìparí. Kí ó wà lákọsílẹ̀: ọdún mélòó, iye òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ gbà, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí kò bá gbà wọ́n. Òṣìṣẹ́ kan náà ni kó máa tẹ̀lé fáìlì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó sì ní àṣẹ láti pe ọ̀gá ilẹ̀ àti ọ̀gá owó orí tààrà.

Ẹ tún ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kìíní ṣe lẹ́yìn ọdún kan, òwò kan náà, ìbéèrè márùn-ún kan náà, kí àwọn tó béèrè má sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n ń wọ̀n. Ẹ lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara pátákó ọjà, títí kan èyí tí kò dára sí i. Ẹ má fi í sí oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ìlú á ti kún, àwọn ọlọ́jà ò sì ní ráyè jókòó dáhùn ìbéèrè kankan; oṣù kẹwàá ló dára jù.